Ọta Kúkúrú fún Àgbọ̀nrín

Iṣẹ́ tí mo ń ṣe ní Jẹ́dà ni kí n máa kọ́ ọwọ́ àti ẹsẹ̀ tó ti ṣẹ́ ní bí wọn yóò ṣe tún ṣiṣẹ́. Dókítà á ti to eegun, á ti rán ẹran ara pọ̀, á ti fi irin sí i bó bá gba irin. Lẹ́yìn náà ni wọn á wá fi aláìsàn ránṣẹ́ sí mi nísàlẹ̀ ilé ìwòsàn, nínú yàrá kan tí kò ní fèrèsé. Físíò ni wọ́n ń pè wá. Ìbéèrè kan wà tí mo máa ń bi ẹnikẹ́ni tó bá kọ́kọ́ jókòó síwájú mi: “Kí ni ẹ fẹ́ fi ọwọ́ yìí ṣe?” Ìdáhùn wọn kì í yàtọ̀ púpọ̀. Àwọn àgbà a ní àwọn fẹ́ lè fi ọwọ́ tẹlẹ̀ nígbà ìforíkanlẹ̀. Àwọn obìnrin a ní àwọn fẹ́ lè gbé ìkòkò kúrò lórí iná. Awakọ̀ a ní òun fẹ́ di sítíárì mú.

Bàbá òyìnbó yẹn wò mí lójú, ó ní, “Mo fẹ́ fi pa àgbọ̀nrín.”

Mo rẹ́rìn-ín. Kò bá mi rẹ́rìn-ín.

Ará Amẹ́ríkà ni. Ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún dáadáa, ó ga, ó gbẹ, irun apá rẹ̀ funfun bí òwú. Ẹ̀rọ tó ń sọ omi òkun di omi mímu ni ó ń bójú tó, ó sì ti ń bójú tó o ní Jẹ́dà láti ìgbà tí èmi ṣì wà nílé ẹ̀kọ́ girama. Ó yọ̀ ṣubú lẹ́nu ọ̀nà balùwẹ̀ rẹ̀, ó fi ọwọ́ ọ̀tún gba ilẹ̀, ọrùn ọwọ́ sì ṣẹ́. Wọ́n fi irin pẹlẹbẹ kan àti ìṣó wẹ́wẹ́ méje dè é pọ̀. Ó ku oṣù márùn-ún kí ó fẹ̀yìn tì, kí ó padà sílé pátápátá, oṣù kọkànlá ọdún sì ni wọ́n máa ń ṣí igbó fún àwọn ọdẹ ní ìlú wọn.

“Ìbọn gígùn kọ́ ni mo ń lò,” ó ní. “Ìbọn ìléwọ́ ni. Ìdí nìyẹn tí mo fi nílò ọrùn ọwọ́ yìí.”

Mo kọ́kọ́ wo ilẹ̀kùn. Ọ̀rọ̀ ìbọn kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí àlejò ń sọ sókè ní ìlú yìí. Ó rí mi, ó ní kí n fọkàn balẹ̀, pé ìbọn òun wà nínú àpótí irin nílé òun ní òdìkejì ayé, kò sí èyí tó wà ní Jẹ́dà.

“Kí ló dé tí ẹ kò lo ìbọn gígùn bíi ti àwọn ọdẹ yòókù?” mo bi í.

“Nítorí pé ìbọn ìléwọ́ a máa fi dandan mú ọ súnmọ́ ẹran.”

Gẹ̀ẹ́sì ni a jọ ń sọ, Gẹ̀ẹ́sì kò sì mọ ìyàtọ̀ ọmọdé àti àgbà, ṣùgbọ́n nínú mi lọ́hùn-ún, “ẹ” ni mo ń wí fún un. Bí mo bá pè é ní “sà”, á ní kí n yé pè é bẹ́ẹ̀. Èmi náà á ní kó yé pè mí ní dókítà. Kò sẹ́ni tó gbọ́ nínú àwa méjèèjì.

Èmi kò mọ nǹkan kan nípa ọdẹ. Télọ̀ ni bàbá mi ní Ìṣẹ́yìn. Ẹran igbó tí mo mọ̀ kò ju èyí tí àwọn ènìyàn máa ń nà sókè fún àwọn èrò ọkọ̀ lẹ́bàá ọ̀nà, tí bàbá mi á ní kí awakọ̀ má dúró. Mi ò fọwọ́ kan ìbọn rí. Ṣùgbọ́n láàrin ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mo ti mọ ohun tó pọ̀ nípa ọta ìbọn, nítorí pé ọ̀rọ̀ náà ló kún ẹnu bàbá yìí, kò sì sí ẹlòmíràn tó lè sọ ọ́ fún.

Ó tọ́ kí n sọ pé èmi náà kò ní ẹni tí mo ń bá sọ̀rọ̀. Bahra ni mo ń gbé, ìlú kékeré ojú ọ̀nà tó ti Jẹ́dà lọ sí Mẹ́kà, níbi tí owó ilé ti rọ̀ díẹ̀. Yàrá mi wà lókè ibi tí wọ́n ti ń gé irin fèrèsé. Mo máa ń bú ariwo ẹ̀rọ wọn tẹ́lẹ̀. Nígbà tó yá, mo rí i pé ọjọ́ Jímọ̀ tí wọn kì í ṣí gan-an ló burú jù fún mi, nítorí pé lọ́jọ́ náà mo máa ń gbọ́ ìró ṣíbí ara mi nínú àwo. Ìyàwó mi àti àwọn ọmọbìnrin wa méjì ti bá mi gbé ní Jẹ́dà fún ọdún mẹ́rin. Owó ìwé ìgbélùú wọn, tí wọ́n ń pè ní ìkámà, wá di ohun tí apá mi kò ká mọ́, wọ́n sì padà sí Ọ̀yọ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀, a máa ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù títí fóònù á fi gbóná létí. Nígbà tí mò ń sọ yìí, ó ti di: “Dádì wọn, ṣé ẹ ti jẹun?” “Mo ti jẹun. Àwọn ọmọ ńkọ́?” “Wọ́n wà.” A kò jà. Ọ̀rọ̀ ló tán. Èyí àbúrò, tó jẹ́ pé Lárúbáwá ló fi máa ń dá mi lóhùn nígbà tó wà lọ́dọ̀ mi, ti gbàgbé Lárúbáwá pátápátá, mo sì máa ń rò ó pé bóyá èmi ni yóò gbàgbé tẹ̀lé e.

Nítorí náà, nígbà tí bàbá yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í wá lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀, tí mo ń tẹ ọrùn ọwọ́ rẹ̀ sókè sódò nínú omi gbígbóná, mo jẹ́ kó máa sọ̀rọ̀.

Ó ní ọta àti ọta kì í ṣe ọ̀kan náà. Èyí tí àwọn ènìyàn ilẹ̀ wọn ń tọ́jú sínú ilé nítorí olè ní ihò lórí. Bó bá ti kan ara báyìí, yóò ṣí bí òdòdó. “Ó dára fún ohun tí wọ́n ṣe é fún,” ó ní, “ṣùgbọ́n àgbọ̀nrín ní èjìká, ó ní egungun ìhà. Ọta náà á ti ṣí tán kó tó dé ọkàn. Ẹran á gbé ọgbẹ́ sá lọ, á kú níbi tí o kò ní rí i.” Òmíràn wà tí orí rẹ̀ rọ̀, tó ń ṣí díẹ̀díẹ̀, tó sì ń wọlé lọ jìnnà. Òmíràn tún wà tó jẹ́ òjé líle, tí orí rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, tí kì í ṣí rárá. Ó kàn ń gba inú ẹran kọjá tààrà ni. Ó máa ń ya gbogbo rẹ̀ sẹ́yìn ìwé tí wọ́n fi ń kọ ọjọ́ ìpàdé wa, ó sì ń fi ọwọ́ òsì yà á nítorí ọ̀tún kò tíì gba bírò.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ihò àti òjé kọ́ ni ìṣòro rẹ̀. Ọ̀rọ̀ gígùn àti kúkúrú ni. Ìbọn rẹ̀ lè gba oríṣi ọta méjì tí sísanra wọn jẹ́ ọ̀kan náà. Èyí tó gùn gba ẹ̀tù púpọ̀ sínú, ó lágbára, ó sì ń tàpá bíi kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́. Èyí tó kúrú gba ẹ̀tù díẹ̀, ìró rẹ̀ kéré, ọwọ́ a sì gbà á. Láti ìgbà tó ti wà lọ́mọ ọgbọ̀n ọdún, gígùn ni ó ń lò.

“Dókítà, ṣé ọwọ́ yìí á lè gba gígùn kí oṣù kọkànlá tó dé?”

“Ẹ jẹ́ ká bi ọwọ́ fúnra rẹ̀.”

Mo wá ọgbọ́n kan dá. Mo so okùn mọ́ igi tí a máa ń dìmú, mo gbé okùn náà kọjá orí kẹ̀kẹ́ kékeré kan lókè, mo sì so kẹ́ẹ̀gì ike tí mo bu yanrìn sí mọ́ ìdí rẹ̀ lódìkejì. Bí bàbá bá na igi náà síwájú bí ẹni na ìbọn, tí mo bá jọ̀wọ́ kẹ́ẹ̀gì lójijì, igi á ta sókè lọ́wọ́ rẹ̀. Bí mo bá bu yanrìn díẹ̀, ó jọ ọta kúkúrú. Bí mo bá bu ú kún, ó jọ gígùn. Ó gbádùn rẹ̀ púpọ̀. Ó ní láti ọjọ́ tí òun ti dé ilẹ̀ yìí, òun kò rí ẹni tó bá òun ṣe irú eré bẹ́ẹ̀.

Yanrìn díẹ̀, ó gbà á láìmira. Yanrìn tó kún, ó gbà á lẹ́ẹ̀kan, ó gbà á lẹ́ẹ̀kejì. Lẹ́ẹ̀kẹta, kí n tó jọ̀wọ́ okùn rárá, mo rí i pé ó ti dijú, ọwọ́ rẹ̀ sì ti fà sẹ́yìn.

“Ẹ dijú, sà.”

“Mi ò dijú.”

Mo gbé fóònù kalẹ̀ sójú ibì kan, mo ya fídíò ẹ̀ẹ̀kẹrin, mo fi hàn án. Ó wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ojú rẹ̀ tó wà nínú fóònù dì pinpin bí ti ọmọ tí wọ́n fẹ́ gún lábẹ́rẹ́. Ọwọ́ tó ti ṣẹ́ rí a máa rántí, a máa sá fún ìrora kí ìrora tó dé, olúwa rẹ̀ kò sì ní mọ̀.

“A ó tún un ṣe lẹ́yìn Hájì,” ó ní, ó sì wọ bàtà rẹ̀.

Ní ọjọ́ Hájì, wọ́n máa ń kó díẹ̀ nínú wa lọ sí Mínà lẹ́bàá Mẹ́kà láti tọ́jú ẹsẹ̀ àti ẹ̀yìn àwọn tó wá ṣe Hájì. Àgọ́ funfun tó ṣófo láti ọdún dé ọdún á kún láàrin ọjọ́ kan. Mi ò tíì rí ibi tí ènìyàn pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi, mi ò sì mọ ẹnì kan níbẹ̀. Mo máa ń tẹ ẹsẹ̀ láti àárọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ní ọjọ́ kejì ni wọ́n fi kẹ̀kẹ́ ti ìyá àgbà kan wọlé, orúnkún rẹ̀ wú bí orí màlúù. Bí mo ti fọwọ́ kàn án tó sì kérora, ó bọ́ sí mi lẹ́nu láìrò: “Ẹ pẹ̀lẹ́, mà.”

Ó di apá mi mú. “Ọmọ Yorùbá ni ọ́!”

“Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ará Ìṣẹ́yìn ni mí.”

“Ògbómọ̀ṣọ́ lèmi! Háà! Ọlọ́run tóbi. Ṣé ibí lo ń gbé?”

“Ibí ni, Àlàájà.”

“Ta ní ń se oúnjẹ fún ọ?”

“Èmi náà ni, mà.”

“Ta ní ń bá ọ jẹ ẹ́?”

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ orúnkún rẹ̀. Ó wò mí títí, kò tún un bi mí. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ó bèèrè bóyá wọ́n ti pa ẹran tí òun sanwó fún. Mo ní wọ́n á ti pa á, pé àwọn tó mọṣẹ́ ni wọ́n ń bá àwọn èrò pa á.

“Ṣé wọ́n pọ́n ọ̀bẹ?” ó ní. “Alápatà ni bàbá mi. Ó máa ń sọ pé ẹni tí kò pọ́n ọ̀bẹ kò pa ẹran, ìyà ló ń fi jẹ ẹ́. Ọ̀bẹ ńlá pọ̀ nílé wa, kì í lò ó. Èyí kékeré tó mọ́ ọn lọ́wọ́ ni ó ń lò títí ó fi kú.”

Ó ṣàdúrà fún mi, àdúrà gígùn, ó dárúkọ ìyàwó tí kò mọ̀ àti ọmọ tí kò rí rí. Wọ́n tì í jáde. Mo yọjú ní ìrọ̀lẹ́ sí ibi tí wọ́n ní àwọn ará ọ̀dọ̀ rẹ̀ wà, àgọ́ wọn sì jọra wọn tó bẹ́ẹ̀ tí mi ò fi rí i mọ́. Fún ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn ìgbà náà, mo ṣì ń fi Yorùbá bá ara mi sọ̀rọ̀ nínú yàrá mi.

Nígbà tí a padà sẹ́nu iṣẹ́, bàbá ní kí n bu yanrìn kún kẹ́ẹ̀gì. Mo bu ú kún. Ó tún dijú. A ṣe é ní ọ̀sẹ̀ kan, a ṣe é ní èkejì. Ọwọ́ ń lágbára sí i lójú ẹ̀rọ tí a fi ń wọn ìdìmú, ṣùgbọ́n ojú kò yé dì. Mo wá sọ ọ̀rọ̀ alápatà Ògbómọ̀ṣọ́ fún un. Mo ní, “Sà, ọ̀bẹ kékeré tó mọ́ yín lọ́wọ́ ni ọta kúkúrú. Bí ẹ bá lo gígùn, tí ẹ sì dijú, ibi tí ọta á gbà kò sí lọ́wọ́ yín mọ́. Ẹ ó ṣe ẹran náà léṣe ni.”

Etí rẹ̀ pọ́n.

“Ìwọ tí o kò yìnbọn rí láyé rẹ,” ó ní.

“Òótọ́ ni, sà. Mi ò yìnbọn rí. Ṣùgbọ́n ọwọ́ yìí, mo mọ̀ ọ́n.”

Ó dìde, ó lọ.

Kò wá ní ọjọ́ tó yẹ kó wá. Kò wá ní èyí tó tẹ̀lé e. Obìnrin tó ń kọ orúkọ àwọn aláìsàn ní kí n fi wákàtí náà fún ẹlòmíràn. Mo ní kó fi sílẹ̀. Mo jókòó, mo ń ká rọ́bà tí a fi ń na apá, mo tún ń tú u. Mo rí i nígbà náà pé láti oṣù méjì, wákàtí yẹn ni mo fi ń ka ọjọ́. Ó tì mí lójú díẹ̀. Àgbàlagbà bíi tèmi, tó ní aya, tó ní ọmọ, tó wá ń retí ẹsẹ̀ aláìsàn lẹ́nu ọ̀nà.

Ọ̀sẹ̀ kejì ni ó wọlé. Ó jókòó, kò gbé ọwọ́ lé tábìlì.

“Ìyàwó mi ló ń lo ọta kúkúrú,” ó ní.

Mo fa àga mi súnmọ́ tábìlì.

Ó ní àwọn jọ ń ṣọdẹ ni, ọdún méjìlélógún, nítorí oṣù kọkànlá ni òun máa ń gba ìsinmi lọ sílé lọ́dọọdún, olúkúlùkù pẹ̀lú ìbọn tirẹ̀, àwọn á sì jókòó jìnnà síra wọn nínú igbó. Kúkúrú ni obìnrin náà yàn láti ọjọ́ kìíní. Àgbọ̀nrín tó bá ju ogún ìṣísẹ̀ lọ, á jẹ́ kó máa lọ. Ọdún mìíràn wà tí kò ní pa ohunkóhun, á sì padà sílé, á máa kọrin níbi tó ti ń fọ àwo. “Mo máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Mo ní ọta ọmọdé ni.” Lọ́dún kan, òun fi gígùn yìnbọn fún àgbọ̀nrín kan lọ́nà jíjìn. Ó bà á, ṣùgbọ́n kò bà á dáadáa. Àwọn méjèèjì tọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lẹ́yìn títí ilẹ̀ fi ṣú, àwọn tún tọ̀ ọ́ lọ́jọ́ kejì títí ẹ̀jẹ̀ fi tán lójú ewé. Wọn kò rí i.

“Kò bá mi wí,” ó ní. “Kò sọ nǹkan kan. Ṣé o mọ̀ pé kò sọ nǹkan kan títí ó fi kú?”

Ó ní ìyàwó òun máa ń jókòó sídìí tábìlì ìdáná, á máa fọwọ́ ara rẹ̀ di ẹ̀tù sínú ọta ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí àìsàn mú un, ó di agolo kan kún, ó kọ ọjọ́ sí i lára. Jẹ́dà ni òun wà nígbà tó kú. Ọkọ̀ òfuurufú balẹ̀, òkú ni òun bá. Agolo náà ṣì wà lórí pẹpẹ, òun kò fọwọ́ kàn án láti ọdún mẹ́fà.

“Ẹ lè ra kúkúrú mìíràn lọ́jà, sà,” mo ní.

“Ọjà kún fún un.” Ó na ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sí mi lórí tábìlì. “Ọ̀rọ̀ ọjà kọ́.”

Láti ọjọ́ náà, a kò bu yanrìn kún kẹ́ẹ̀gì mọ́. Díẹ̀ ni a ń bù, a sì ń ṣe é lọ́gbọ̀n ìgbà, pẹ̀lú ojú tó là. Mo kọ́ ọ bí ọwọ́ òsì á ṣe gbé ọ̀tún ró láti abẹ́. Ó ṣàlàyé fún mi pé ọta kúkúrú kì í yára débi tí ihò orí rẹ̀ á fi ṣí, nítorí náà òjé líle olórí pẹrẹsẹ ló yẹ ẹ́, kó kàn gba àárín ìhà kọjá. Ó ní ìyàwó òun ti mọ èyí ní ogún ọdún ṣáájú òun. Òjé líle ni gbogbo èyí tó wà nínú agolo náà.

Ìwé àlọ tí kò ní àbọ̀ rẹ̀ jáde ní oṣù kẹsàn-án. Mo fi ọkọ̀ mi gbé e lọ sí pápákọ̀ òfuurufú. Gbogbo ọdún tó lò ní ìlú yìí wọ inú àpótí méjì. Ẹnikẹ́ni láti ibi iṣẹ́ rẹ̀ kò bá a wá. Ó ní àwọn tí òun mọ̀ ti lọ tán ṣáájú òun. Lẹ́nu ibi tí mi ò ti lè bá a kọjá, ó bọ̀ mí lọ́wọ́, ó sì fún ọwọ́ mi pọ̀ gidigidi, kí n lè mọ̀ pé iṣẹ́ mi kò lọ lásán. Mo ní, “Ó ti dá, sà.” Ó ní, “Má pè mí ní sà.” Ó wọlé lọ.

Oṣù kọkànlá dé. Ó ń kọ̀wé ránṣẹ́ sí mi lórí fóònù lójoojúmọ́, ọ̀rọ̀ ṣókí. “Ọjọ́ kìíní. Òtútù. Kò sí nǹkan.” “Ọjọ́ kejì. Ọ̀kẹ́rẹ́ nìkan.” “Ọjọ́ kẹta. Ọ̀kan dúró ní àádọ́ta ìṣísẹ̀. Gígùn ì bá dé ibẹ̀. Mo wò ó títí ó fi lọ.” Èmi náà a dá a lóhùn pé kó máa fi aṣọ gbígbóná wé ọrùn ọwọ́.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni ọjọ́ kẹfà bọ́ sí. Mo ti kí ìrun Jímọ̀ ní Mẹ́kà, mo sì ń rìn ní àdúgbò Misfalah, níwájú àwọn ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta tẹ̀súbáà àti lọ́fínńdà, nítorí pé mi ò fẹ́ tètè padà sílé. Fóònù dún. Fídíò ni. Àárọ̀ ṣì ni lọ́dọ̀ wọn. Mo rí igi tí ewé rẹ̀ ti pọ́n, mo rí èéfín lẹ́nu bàbá bó ti ń mí. Ó yí fóònù. Àgbọ̀nrín kan dùbúlẹ̀ lẹ́bàá ìtì igi, kò mira.

“Mẹ́rìndínlógún,” ó ní. “Mo ka ìṣísẹ̀ náà. Ọta inú agolo ni.”

“Ṣé ó sá?”

“Ó fò lẹ́ẹ̀kan. Ó rìn díẹ̀, bí ẹni tó gbàgbé nǹkan sílé. Ó ṣubú.”

“Ojú yín ńkọ́?”

“Ó là sílẹ̀ kedere.”

Mo kí i kú oríire. Ó yí fóònù padà sí ojú ara rẹ̀, mo sì rí i pé inú rẹ̀ kò dùn tó bí mo ti rò.

“Nígbà tí ìbọn bá dún,” ó ní, “ìyàwó mi máa ń fọn súfèé láti ibi tó jókòó sí. Láti fi bi mí bóyá mo rí i pa. Èmi náà á fọn tèmi padà. Mo yìnbọn tán báyìí, mo sì dúró. Mo dúró, mò ń retí súfèé.” Ó nu imú rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀yìn ọwọ́. “Ìgbà tí mi ò gbọ́ nǹkan kan ni mo bá pè ọ́.”

Èrò ń kọjá lọ́tùn-ún lósì mi. Mi ò mọ súfèé í fọn, ìyá mi kò gbà wá láyè rẹ̀ nígbà tí a wà lọ́mọdé. Ohun tó bọ́ sí mi lẹ́nu ni mo sọ, Yorùbá ni mo sì fi sọ ọ́: “Ẹ kú iṣẹ́ o.”

“Kí nìyẹn?”

“Ohun tí a máa ń sọ fún ẹni tó ṣe iṣẹ́ ni.”

Ó mi orí. Ó ní iṣẹ́ ṣì kù, pé òun gbọ́dọ̀ tú inú ẹran náà kó má baà bàjẹ́, ó sì bẹ̀ mí pé bí mi ò bá ní ohun tí mò ń ṣe, kí n má tíì pa fóònù. Mo ní mi ò ní ohun tí mò ń ṣe. Ó gbé fóònù ti kùkùté igi kan. Ó mú ọ̀bẹ, ó kúnlẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ọwọ́ ọ̀tún ń gé, òsì ń dì í mú. Èmi náà fara ti ògiri ṣọ́ọ̀bù kan, mo gbé fóònù síwájú ojú mi. Mo máa ń gbọ́ ẹyẹ kan níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ọ̀gá tó ni ṣọ́ọ̀bù gbé àga ike kan wá fún mi, ó yọjú wo fóònù, ó fi Lárúbáwá bi mí bóyá bàbá mi ni. Mo ní rárá. Ó ní ta wá ni? Mi ò rí ọ̀rọ̀ tó bá a mu ní Lárúbáwá, mo ní aláìsàn mi ni.

Nígbà tí wọ́n pe ìrun Alásárì, ohùn náà bo gbogbo àdúgbò. Bàbá gbé orí sókè nínú igbó rẹ̀.

“Mo gbọ́ ọ,” ó ní. “Wọ́n ń pè ọ́. Máa lọ.”

Mo pa fóònù, mo lọ kírun. Nígbà tí mo jáde, mo tún pè é, kò wọlé. Bóyá báyìí ni ó ti ń wọ́ ẹran náà lọ sídìí ọkọ̀ rẹ̀, níbi tí ẹ̀rọ kò dé. Mo wọ ọkọ̀ lọ sí Bahra. Lójú ọ̀nà mo pe Ọ̀yọ́, èyí àbúrò nínú àwọn ọmọ ló gbé e. Ó ní ìyá òun lọ síbi ìsọmọlórúkọ. Mo bi í bóyá ó fẹ́ gbọ́ ìtàn àgbọ̀nrín kan. Ó ní òun ń wo tẹlifíṣọ̀n, Dádì, kí ẹ pe àwọn padà. Mo ní kò burú.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, bàbá kọ̀wé pé ọrùn ọwọ́ òun wú fún ọjọ́ méjì, ó sì ti lọlẹ̀. Mo dúpẹ́. Ó ní ẹran ti kún inú fíríìsà, ó pọ̀ ju ohun tí ẹnì kan lè jẹ tán lọ. Mo ní kó fún àwọn aládùúgbò. Ó ní òun ti pẹ́ nílẹ̀ òkèèrè jù, òun kò mọ ẹni tó ń gbé ní òdìkejì títì. Mo ní kó gbé ẹran dání, kó lọ kan ilẹ̀kùn.

Ọjọ́ mẹ́ta kọjá kí ó tó fèsì. Ó ní òun ti kan ilẹ̀kùn kan, obìnrin kan ló ṣí i, ó sì ní òun kì í jẹ ẹran. Ó ní ọ̀la, òun á kan èkejì.